Ẹ̀rọ dákú, ẹ yọ owó òṣìṣẹ́: ṣé ẹ ti yẹ wáyà wò?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ìgò, tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì, tàbí tí wọ́n ti ń di sìmẹ́ǹtì sínú àpò, á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lọ geere, á kàn ṣàdédé dákú. Iná ò lọ, epo ò tán nínú jẹnẹrétọ̀. Tó bá tó ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á tún un tàn, á tún máa lọ bíi pé kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ ohun tó wà nínú ààrò ti jóná, èyí tó wà lórí bẹ́líìtì ti bàjẹ́. Ta ni ọ̀gá á kọ́kọ́ pè? Ọmọ tó ń darí ẹ̀rọ ni. "Kí lo fọwọ́ kàn?" Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí oṣù bá parí, wọ́n á ti gé lára owó rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ọ̀gá kankan tó fọwọ́ kan owó oṣù òṣìṣẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, kó kọ́kọ́ lọ wo wáyà tí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Òfin ni mo kà, mi ò kà nípa ẹ̀rọ, àwọn ẹnjiníà á sì bá mi tún ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wáyà bàbà àti fáíbà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnjiníà nìkan. Ó ti di ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Láyé àtijọ́, èèyàn ló ń tẹ bọ́tìnì tàbí fa irin kí ẹ̀rọ tó gbéra. Lóde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PLC ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ: ìwọ ṣí, ìwọ tì, ìwọ rọra. Ẹ̀rọ náà á dá a lóhùn pé òun ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ó ń bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, inú wáyà ló sì ń gbà. Tí àṣẹ ò bá dé lásìkò, ẹ̀rọ tí wọ́n tò dáadáa á dúró ni, torí ó sàn kó dúró ju kó máa lọ láìgbàṣẹ, kó wá gé èèyàn lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i tó dákú láìnídìí, ó lè jẹ́ pé ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe. Wọ́n ò jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Kí ló ń dí i létí? Wáyà bàbà, èyí tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ lọ́fíìsì, iná ló ń gbé. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lọ́ mọ́ra ní méjì méjì. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ iná ló ń gbé, iná mìíràn tó bá wà nítòsí lè da ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú. Ẹni tó bá ti gbé rédíò sítòsí ibi tí jórinjórin ti ń jó irin mọ bí rédíò náà ṣe máa ń pariwo kírakíra. Bọ́rọ̀ ṣe rí nínú iléeṣẹ́ nìyẹn, àfi pé tibẹ̀ tún le jù. Àwọn mọ́tọ̀ ńláńlá wà níbẹ̀, àpótí VFD tó ń mú mọ́tọ̀ sáré tàbí rọra náà wà níbẹ̀. Àpótí yìí ń tan iná, ó ń pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí agbaṣẹ́ṣe bá wá kó wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ àti wáyà tó ń gbé iná mọ́tọ̀ sójú ọ̀nà kan náà, kí wọ́n jọ máa sùn tira wọn, kí ló rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Lọ́jọ́ tí mọ́tọ̀ bá rọra ń lọ, kò ní sí wàhálà. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí gbogbo mọ́tọ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ á dákú. Ìdí nìyẹn tí àìsàn náà kì í fi í jẹ́ kí wọ́n rí òun mú. Tí ẹnjiníà bá fi máa dé, ó ti lọ.

Jíjìnnà náà wà ńbẹ̀. Wáyà bàbà tí gbogbo èèyàn ń lò yìí, mítà 100 ni ìlànà sọ pé kó mọ láti ẹ̀rọ kan dé èkejì. Mítà 100 ò tó nǹkan nínú ọgbà iléeṣẹ́ ńlá. Ẹ wo iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì bíi tàwọn tó wà ní Ewékorò àti Ìbẹ̀ṣè: láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta dé ibi tí wọ́n ti ń sun ún, títí dé ibi tí wọ́n ti ń dì í sápò, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ á rìn. Síbẹ̀, àwọn kan á fa wáyà bàbà ní mítà 130 tàbí 150, wọ́n á ní "ṣebí ó ń ṣiṣẹ́." Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Èyí tó tún burú jù ni àrá. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò ṣe máa ń wá lọ́dọ̀ wa lóṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún. Bí wáyà bàbà bá jáde láti ilé kan bọ́ sí òmíràn nínú ọgbà, ojú ọ̀nà ló là fún mànàmáná yẹn. Kò dìgbà tí àrá bá sán lu ilé gan-an. Tó bá sán sítòsí, agbára iná tó bá wọnú wáyà náà ti tó láti sun ojú ẹ̀rọ tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Láìsí àrá pàápàá, ilé méjì tí kálukú ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, tí kálukú sì ní wáyà ilẹ̀ tirẹ̀, kì í sábà dọ́gba nílẹ̀. Iná á máa wá ọ̀nà láti ti ọ̀kan sí èkejì, wáyà ọ̀rọ̀ yín ló sì máa gùn. Àwọn tó ra wáyà oníbora irin torí kó lè dènà ariwo, tí wọn ò wá ṣètò wáyà ilẹ̀ wọn dáadáa, wọ́n kàn ná owó láti fi gbé wàhálà wọlé ni.

Fáíbà ò mọ gbogbo èyí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe iná. Gíláàsì ni. Mọ́tọ̀ lè pariwo títí, jórinjórin lè jórin títí, kò kàn án. Àrá ò rí irin gùn nínú rẹ̀, bí ẹ bá ti ra èyí tí kò ní irin kankan lára. Ilé méjì tí ilẹ̀ wọn ò dọ́gba ò lè ti iná síra wọn gba inú gíláàsì. Ní ti jíjìnnà, irú fáíbà tí wọ́n ń pè ní multimode lè gbé gigabit kan dé mítà 550. Irú kejì, single-mode, máa ń lọ tó kìlómítà 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1966 ni Charles Kao àti George Hockham gbé iṣẹ́ wọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé gíláàsì tó bá mọ́ dáadáa lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Iṣẹ́ yẹn ló mú kí wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tí ayé ti ń bá a bọ̀. Kì í ṣe ohun àṣẹ̀ṣẹ̀dé tó yẹ kó máa ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Lọ́dọ̀ wa, ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bá ti gbọ́ fáíbà, ọkàn wọn á lọ sí okùn inú òkun tó gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n á ní ohun ìjọba àti ti àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni, pé apá àwọn ò ká a. Ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Okùn fáíbà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń wọ́n owó. Iṣẹ́ fífi orí sí i àti ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì ló ń gbówó. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù náà ti bá wa kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ẹ lọ sí Èkó, ẹ lọ sí Ìbàdàn, ẹ ó rí àwọn ọmọ wa tó jókòó sétí títì tí wọ́n ń jó fáíbà tó gé pọ̀. Irú wọn náà lè wọ inú ọgbà iléeṣẹ́ wá ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ṣá, mi ò sọ pé kí ẹ lọ ya gbogbo wáyà bàbà dànù o. Àwọn kan wà báyìí tó jẹ́ pé fáíbà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe gbogbo nǹkan, wọ́n ní ohun ọjọ́ iwájú ni. Ó ní ibi tí fáíbà ò ti wúlò. Àkọ́kọ́, kì í gbé iná fún ẹ̀rọ lò. Wáyà bàbà lè gbé ọ̀rọ̀, kó tún gbé iná tí kámẹ́rà máa lò sínú okùn kan náà. Ìlànà tó jáde ní 2018 gbà á láyè láti ti iná tó 90 watt láti orísun rẹ̀. Bí ẹ bá fa fáíbà dé ìdí kámẹ́rà, ẹ tún gbọ́dọ̀ wá iná fún un lọ́tọ̀. Èkejì, ọ̀pọ̀ sensor àti ẹ̀rọ kéékèèké ni ojú wáyà bàbà nìkan wà lára wọn. Ẹ̀kẹta ni eruku. Ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú fáíbà single-mode ò ju nǹkan bíi micrometre mẹ́sàn-án lọ, irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹyọ eruku sìmẹ́ǹtì kan tàbí ti ọyẹ́ tó bá bà lé e lójú ti tó láti dí i. Ẹni tí ò bá ní ohun tí yóò fi nù ún, tí ò sì ní ẹ̀rọ tí yóò fi wò ó, kó má ṣí ideri rẹ̀ rárá. Ẹ̀kẹrin, tí wáyà bàbà bá já lóru, ọmọ iṣẹ́ kan lè fi orí tuntun sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fáíbà máa ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n àti irinṣẹ́ tirẹ̀.

Bàbà náà ò tíì dàgbà kọjá iṣẹ́. Ní 2019, ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní 10BASE-T1L. Wáyà méjì péré ló ń lò, ó sì ń lọ tó mítà 1,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé megabit mẹ́wàá ni eré rẹ̀ mọ. Fún ẹ̀rọ tó kàn fẹ́ sọ pé "omi inú táǹkì ti dé báyìí," ìyẹn ti tó o, ó sì ṣẹ́kù.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí olówó iléeṣẹ́ bi agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ju mítà 100 lọ? Ṣé ó jáde kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn? Ṣé ó gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tọ̀ ńlá, VFD tàbí ibi tí wọ́n ti ń jórin kọjá? Bí ìdáhùn sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, fáíbà ni kó lò. Bí ó bá jẹ́ rárá ni gbogbo rẹ̀, bíi láti inú àpótí ẹ̀rọ sí sensor tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbà tó dáa ti tó, kó má fi owó ṣòfò. Fún fáíbà tó so àwọn ilé pọ̀, kí wọ́n ṣe é ní òrùka, tó jẹ́ pé bí apá kan bá já, ọ̀rọ̀ á gba apá kejì kọjá kí ẹ̀rọ tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n má sì gbàgbé pé switch tó wà ní ìpẹ̀kun fáíbà ń fẹ́ iná tí kì í lọ. Bí wọ́n bá fi fáíbà tó dáa jù lọ láyé so ó, tí kò bá ní bátìrì, ọjọ́ tí iná bá ṣẹ́jú, òun náà á ṣẹ́jú.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní "bàbà tó dáa." Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti òfin nìyí. Wáyà kan wà lọ́jà tí wọ́n ń pè ní CCA. Alumíníọ́ọ̀mù ni inú rẹ̀, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lára. Wọ́n á tẹ Cat6 sára páálí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlànà tó ṣe Cat6 ní kí inú rẹ̀ jẹ́ bàbà pátápátá. Alumíníọ́ọ̀mù kì í gbé iná dáadáa tó bàbà, ó máa ń gbóná tí ẹ bá fi fún kámẹ́rà níná, ó sì máa ń tètè kán ní orí. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ò le. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ara wáyà náà: bí inú rẹ̀ bá funfun, wọ́n ti tan yín jẹ. Ẹ gbé páálí rẹ̀ wò: mítà 305 ló máa ń wà nínú páálí kan, bàbà sì wúwo ju alumíníọ́ọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Páálí tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Kí ni òfin sọ? Òfin ọjà títà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti 1893 là á mọ́lẹ̀ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá orúkọ tí wọ́n fi tà á mu. Ẹni tó bá ta alumíníọ́ọ̀mù fún yín lórúkọ bàbà ti rú òfin yẹn, ẹ sì lè kọ ọjà náà padà bí ẹ bá tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kí àwọn onílé-iṣẹ́ má fi gbogbo ara gbára lé òfin ààbò oníbàárà ti 2018. Ìtumọ̀ tó fún oníbàárà yọ ẹni tó ra ọjà láti fi ṣe ọjà mìíràn tó máa tà kúrò. Agbẹjọ́rò yín lè jiyàn pé wáyà ò sí lára ìyẹn, agbẹjọ́rò tiwọn náà á ní tirẹ̀ láti sọ. Kí lẹ fẹ́ máa bá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kiri fún? Ìwé àdéhùn ni apata yín. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbà pátápátá ni. Ẹ kọ irú fáíbà tó jẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ dán okùn kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n kó èsì rẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ tó san èyí tó ṣẹ́kù nínú owó iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú sí i. Ẹni tó bá bínú, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tí wọ́n gé owó rẹ̀. Abala karùn-ún òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà ò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa gé owó òṣìṣẹ́ bí ìtanràn. Tó bá ní òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí ó ṣàìbìkítà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó gé kọ́bọ̀. Àròpọ̀ ohun tó bá gé lóṣù kan ò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n ń gé lówó ló mọ èyí? Ẹni tí wáyà tó sùn ti VFD dá lẹ́bi, òun náà ló tún san owó ìtanràn. Ìyẹn ò bófin mu, kò sì bá ọmọlúàbí mu. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ̀rọ bá dákú sílẹ̀, ẹ kọ mọ́tọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà, ẹ kọ bóyá òjò ń rọ̀. Ìwé yẹn á ran ẹnjiníà lọ́wọ́ láti mọ ibi tí àìsàn wà. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ẹ̀rí ni.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá kan máa sọ. Wọ́n á ní owó dọ́là ti gbówó gbogbo nǹkan lórí, pé ẹni tó ń wá owó epo jẹnẹrétọ̀ ò lè máa ronú fáíbà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ kó iye ìgbà tí ẹ̀rọ dákú lọ́dún tó kọjá jọ, ẹ kó ọjà tó bàjẹ́ lé e, epo tó jóná nígbà tí ẹ ń tún un tàn, àti owó ẹnjiníà tó wá tí kò rí nǹkan kan. Ẹ wá fi wé owó tí ẹ máa fi so ilé méjì pọ̀ pẹ̀lú fáíbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ò bá tíì ṣe ìṣirò yìí, kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó wọ́n.

Àjọ SON náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wo wáyà iná ilé, kí wọ́n fi wo wáyà kọ̀ǹpútà náà. Bí wọ́n bá ha páálí mélòó kan lọ́bẹ ní èbúté kí ọjà tó wọlé, wọ́n á ti gba ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lọ́wọ́ àdánù. Ní 2024, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó dáàbò bo àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ tó ṣe kókó fún orílẹ̀-èdè. Ìyẹn dáa fún fáíbà tó wà lójú títì. Èyí tó wà nínú ọgbà yín, ẹ̀yin fúnra yín ni ọlọ́dẹ rẹ̀.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Wáyà tó ń gbé àṣẹ fún ẹ̀rọ ni orí iléeṣẹ́ lóde òní. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá tún dákú, kí ọ̀gá pe ẹnjiníà kó mú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n jọ tọ okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí wọ́n bá ṣe èyí tán tí wọn ò rí nǹkan kan, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó pe ọmọ tó ń darí ẹ̀rọ. Kí wọ́n fún un ní àga, kí wọ́n bi í ní ohun tó rí.